Wọ́n ní kí n wá jẹ máníjà l'Ọ̀yọ́

Tákíè,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Àkànó ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù ńkọ́? Ìyàwó àtàwọn ọmọ ńkọ́? Mo yà kí màmá lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé owó tó o fi ránṣẹ́ ti dé, àmọ́ ohùn rẹ làwọn fẹ́ gbọ́. Mo ti jíṣẹ́.

Tí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, àwàdà la máa fi parí ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíìrò. Wọ́n fẹ́ fún mi ní ìgbéga ní báǹkì wa. Wọ́n ní kí n wá jẹ máníjà ẹ̀ka wa tó wà l'Ọ̀yọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì.

Mo mọ̀ pé o ti ń sọ pé ó ti pẹ́ jù. Ìyàwó mi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó tiẹ̀ ti ń wo aṣọ tí màá wọ̀. Àmọ́ gbọ́ bó ṣe dé etí mi ná. Ọmọkùnrin tó pè mí, èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tó dé, kò mọ bí wọ́n ṣe ń wo oníbàárà kí wọ́n tó yá a lówó. Èmi ni mo mú un káàkiri Ọjà Jagun àti Sábó, tí mo ń fi hàn án pé ìyá tí igbá ata rẹ̀ ti ṣófo láago mẹ́wàá àárọ̀ sàn ju ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fọ́fọ́ tí eruku bo ọjà lọ. Òun ló di ọ̀gá lórí gbogbo ẹ̀ka ìhà tiwa báyìí. Lórí fóònù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, a ti fi orúkọ yín sílẹ̀." Nígbà tí lẹ́tà dé, "Ọgbẹ́ni" ni mo bá níbẹ̀. Kò burú, lẹ́tà iṣẹ́ ni. Àmọ́ ó dùn mí, ó sì yà mí lẹ́nu pé ó dùn mí.

Ibẹ̀ ni wàhálà mi wà. Tí mo bá bi ara mi pé kí ni mo fẹ́ fi ipò yìí ṣe, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ojú ọmọ yẹn nígbà tá a bá jọ jókòó nípàdé. Ṣé ìyẹn tó ohun tí ẹni ọdún 48 ń torí ẹ̀ gbẹ́rù?

Àwa márùn-ún la jọ bẹ̀rẹ̀ ní 2004, nígbà tó ṣì ń jẹ́ kọ́múnítì báǹkì, kí wọ́n tó ní kí gbogbo wọn di microfinance, báǹkì tó ń yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó, kí 2007 tó parí. Èmi nìkan ló kù.

Ti owó, irọ́ ni tí mo bá ní mi ò nílò ẹ̀. Àbíkẹ́yìn mi ṣì wà ní SS 2. Owó ìfẹ̀yìntì náà á gbé sókè: ìdá 8 nínú 100 ni wọ́n ń yọ lára tèmi, àwọn náà ń fi ìdá 10 sí i, tí owó oṣù bá ti ròkè, ìyẹn náà á tẹ̀ lé e.

Àmọ́ ṣé o mọ ohun tí máníjà ń ṣe lọ́dọ̀ tiwa? Gbèsè ló ń ṣọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n á to orúkọ síwájú rẹ̀: ẹni báyìí ò san fún ọgbọ̀n ọjọ́, ti lágbájá ti di àádọ́rùn-ún. Òun ló ń rán àwọn ọmọ lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé onílé.

Ṣé o rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ náírà? Owó wà nínú àkáǹtì, kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá wa nígbà náà ní ká rí i pé owó wọlé, bó ti wù kó rí, torí àwọn tó wà lórí òun náà ò gbọ́ àlàyé. Mo lọ bá ìyá kan tó ń ta tòmátì. Tòmátì ti ń jẹrà níwájú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ní owó bébà tó lè fi rà á. Mo bá a jókòó, a sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò bá a lọ́jà. Irọ́ ni. Ó san gbogbo ẹ̀ tán lóṣù karùn-ún, kò ku kọ́bọ̀.

Tí mo bá wá jókòó sórí àga yẹn, tí ọmọ kan kọ irú irọ́ bẹ́ẹ̀ wá fún mi, kí ni màá ṣe? Mo bi ìyàwó mi. Ó ní, "Ẹ̀yin kẹ̀? Ṣebí ẹni tó ti pa á rí ló máa mọ ìgbà tó yẹ kó dijú." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Àmọ́ òun kọ́ ló máa wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́. Nǹkan bíi kìlómítà 50, lójú ọ̀nà tí wọ́n ti ń ṣe látìgbà tí irun orí wa ṣì dúdú, àwa àti tírélà. Mi ò lè máa lọ máa bọ̀ lójoojúmọ́. Yàrá kan ni màá gbà nítòsí Àkẹ̀sán, kí n máa dá ẹ̀bà tẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru mi yìí.

Ìwọ ni mo fẹ́ bi, torí o ti jókòó sórí irú àga bẹ́ẹ̀ rí n'Íbàdàn kó o tó lọ máa tọ́jú àwọn arúgbó ní Winnipeg ní Kánádà. O ò sọ ọ́ fún mi rí. Lọ́jọ́ tó o dá kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì padà, ṣé ara rẹ fúyẹ́ ni? Má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà sí i. Mo ti gbà á.

Pósítọ́fíìsì ò lè bá ọjọ́ Ẹtì, nítorí náà màá ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò, màá fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Tí ìwé kíkọ mi ò bá ṣeé kà, tọ́ṣì ni mo fi kọ ọ́, wọn ò múná wá.

Kajú ẹ̀yìnkùlé yín ti ń tanná. Màmá ní àwọn ò mọ ẹni tó máa bá àwọn ṣà á lọ́dún yìí, wọ́n sì ń wojú mi. Mo ní màá wá.

Èmi ni,
Àjàní.