Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń di páálí ẹrù fún Bàbá

Àbúrò mi,

Mo rí mẹ́sẹ́ẹ̀jì rẹ lórí WhatsApp lánàá, o ní páálí ẹrù tó o fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé fún Kérésì ti fẹ́ kún, pé kí n wo ohun tó o ti rà fún Bàbá torí inú tó ń dà wọ́n láàmú, kí n sọ èyí tó bá kù. Mo wo fọ́tò yẹn títí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, mo sì mọ iye wákàtí tó o máa ń fi wà lórí ìdúró níbi iṣẹ́ ní London yẹn kí owó tó wọlé, torí náà fara balẹ̀ ka èyí, má jẹ́ kó dùn ọ́. Yọ ìdajì ẹ̀ kúrò.

Ìgò ibuprofen ńlá yẹn ni kó o kọ́kọ́ yọ. Orúnkún Bàbá lo rò, mo mọ̀, àmọ́ irú oògùn ìrora bẹ́ẹ̀ gan-an wà lára ohun tó gbé wa débi tá a wà yìí. Ṣó o rántí bí wọ́n ṣe máa ń rán wa sí kẹ́míìsì pé ká lọ gba "ti ẹsẹ̀" wá, diclofenac ni o, ibuprofen ni o, wọ́n á sọ ọ́ sẹ́nu láàárọ̀ kùtù láìtíì jẹun, wọ́n á gbé àdá, ó di oko. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ṣe é. Oògùn yẹn ń mú ìrora lọ lóòótọ́, àmọ́ ó tún máa ń dín ohun tó ń dáàbò bo ara ikùn nínú kù, ásíìdì tó yẹ kó máa lọ oúnjẹ á wá máa jẹ ara ikùn fúnra ẹ̀, bí ọgbẹ́ inú tí gbogbo wa ń pè ní ọ́sà ṣe ń mú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nìyẹn. Paracetamol ni dọ́kítà ní kí wọ́n máa lò báyìí, níwọ̀nba tó kọ fún wọn, ó sì wà nílé níbí, kò dìgbà tó bá wọ ọkọ̀ òfurufú.

Ṣọkoléètì, kófí àti tíì míńtì tí wọ́n kọ "fún inú" sí lára yẹn náà, yọ wọ́n. Kì í ṣe ọ́sà nìkan ló ń yọ Bàbá lẹ́nu, omi kíkan tún máa ń gùn wọ́n lọ́fun lóru, àyà á máa ta wọ́n bí ẹni fi ata sí i. Ibì kan wà láàárín ọ̀nà ọ̀fun àti ikùn tó yẹ kó máa pa dé tóúnjẹ bá ti wọlé tán, àwọn nǹkan bíi míńtì, ṣọkoléètì, ọtí àti ọ̀rá máa ń jẹ́ kó dẹ̀, ohun tó wà nísàlẹ̀ á wá gba òkè padà. Nítorí náà tíì tó ń tu ẹlòmíì nínú lè máa da Bàbá láàmú.

Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kérésì èṣí, mo ra apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn kan tí wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù pupa dì, wáìnì, jùúsì ọsàn, bíṣíkíìtì, mílíìkì. Mílíìkì tí gbogbo èèyàn ń sọ pé ó ń pa ọ́sà yẹn, fún ìgbà díẹ̀ ló máa ń tù wọ́n, lẹ́yìn náà ikùn á tún tú ásíìdì sí i. Bàbá gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún mi títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tó di ọjọ́ kejì ọdún tuntun, mo kí àwọn ará ilé kejì, mo rí jùúsì yẹn lórí tábìlì wọn. Bàbá ò sọ nǹkan kan, èmi náà ò bi wọ́n. Ó dùn mí, kì í ṣe torí pé wọ́n fi tọrẹ, àmọ́ torí pé mo lọ rajà láìwo ẹni tí mo ń rà á fún.

Ohun tó wá là mí lójú ni ọjọ́ Àjíǹde. O ò sí níbẹ̀. Gbogbo wa pé sílé ní Ìkẹ́rẹ́, wọ́n gún iyán, ẹ̀fọ́ rírò pẹ̀lú ẹ̀gúsí, ẹran ìgbẹ́, a wá gbé abọ́ ọ́ọ̀tì síwájú Bàbá. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Iyán lónjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, èwo wá ni eléyìí?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé abọ́ wọn, wọ́n lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta, wọ́n kọjú sí Òkè Olósùnta, àwọn nìkan. Ọmọ Èkìtì tó ti lé láàádọ́rin ọdún, tó ń gbọ́ ìró odó nínú ilé ara ẹ̀ tí kò sì sí tiẹ̀ níbẹ̀. Mi ò lè gbé òkèlè mi mì.

Nígbà tí mo tẹ̀ lé wọn lọ rí dọ́kítà l'Adó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn, mo bi í léèrè gbangba pé ṣé iyán gan-an ni ọ̀tá. Ó ní rárá o. Ó ní bó ṣe pọ̀ tó, aago tí wọ́n ń jẹ ẹ́, àti ata pẹ̀lú epo inú ọbẹ̀ ló yẹ ká wò. Ìwọ náà mọ bá a ṣe ń ṣe é nílé, kí gbogbo èèyàn tó toko tọjà dé ilẹ̀ á ti ṣú, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni iyán ń délẹ̀, Bàbá á jẹ ẹ́ yó kẹ́ríkẹ́rí torí pé wọn ò jẹ nǹkan kan látàárọ̀, wọ́n á sì gba orí bẹ́ẹ̀dì lọ. Ó yẹ kó tó wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ kí wọ́n tó dùbúlẹ̀.

Mo wá lọ bá àwọn tó ń gbẹ́ odó, mo ní kí wọ́n bá mi gbẹ́ kékeré kan, èyí tí kò ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ, pẹ̀lú ọmọ odó tíẹ̀, tí ọmọdé á lè dá gún. Mo ra ìṣaasùn kan tì í. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ báyìí, Màámi á se iṣu bíi gé mẹ́ta, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa á gún un, tí wọ́n bá sì ń se ọbẹ̀ gbogbo ilé, wọ́n á kọ́kọ́ bu ti Bàbá sínú ìṣaasùn kí ata tó wọ̀ ọ́, epo díẹ̀, ẹja tútù, ewédú tàbí ilá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. "Uyán" ni wọ́n ṣì ń pè é o, bí àwọn àgbà ṣe ń pè é, ohùn wọn sì yàtọ̀ tí wọ́n bá ń pè é. Nínú gbogbo ohun tí mo ti fún Bàbá láyé mi, odó yẹn ni wọ́n gbà bí ẹni gba oyè. Wọ́n fọwọ́ pa ara ẹ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ọmọ nípa Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, bó ṣe gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ọgọ́gà, ọba Ìkẹ́rẹ́, bí àwọn òyìnbó ṣe gbé ilẹ̀kùn yẹn lọ pàtẹ ní Wembley ní 1924 tó fi di ti British Museum ní London, tí Ọgọ́gà sì gba àga oyè tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó dípò ẹ̀. Ìtàn yẹn gùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ kí Bàbá sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láìmẹ́nu ba inú.

Ìrọ̀rí tó o rà yẹn, má fi ránṣẹ́, ìrọ̀rí mẹ́ta ti wà nílẹ̀ tí wọ́n ń tò léra, ọrùn nìkan ló ń ká tí ikùn sì ń dipọ̀. Kápẹ́ńtà àdúgbò ló gé igi méjì fún wa, íǹṣì 6 ló ga, a fi wọ́n sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lápá orí, bẹ́ẹ̀dì wá dà bí òkè kékeré, omi kíkan ò rọ́nà gùn mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá. Màámi ráhùn ní alẹ́ àkọ́kọ́ pé òun ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀, ó ti mọ́ wọn lára.

Ohun tí mo fẹ́ kó o fi dípò ni ṣòkòtò onírọ́bà méjì mẹ́ta, torí bẹ́líìtì tí wọ́n ń fún mọ́ inú yẹn náà ń ti ásíìdì sókè, àti fíláàsì oúnjẹ kékeré tí wọ́n lè gbé lọ sóko kí wọ́n lè máa jẹ díẹ̀díẹ̀ lọ́sàn-án, kí ebi má pa wọ́n dalẹ́. Lẹ́yìn náà ìwé líle kan tó nípọn àti báírò pupa. Ṣebí o mọ̀ pé tíṣà ni Bàbá. Mo ní kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n jẹ, aago tí wọ́n jẹ ẹ́, bí inú ṣe rí lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n sì ń máàkì í bí ẹni ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì. Ìwé àkọ́kọ́ ti kún. Ibẹ̀ la ti rí i pé ẹ̀wà tá a rẹ mọ́jú tá a da omi ẹ̀ nù kì í fi bẹ́ẹ̀ wú wọn nínú, àgbálùmọ̀ ni wọ́n fa igi pupa sí lẹ́ẹ̀mẹta.

Tówó bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, owó tẹ́ẹ̀sì ni kó o fi ránṣẹ́. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní H. pylori, òun àti irú oògùn ìrora tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ọ́sà, wọ́n lè fi ìgbẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá sì wà níbẹ̀, oògùn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n á fi lé e. Wọ́n ti ní kí Bàbá dá omeprazole, oògùn tó ń dín ásíìdì inú kù, dúró fún ọ̀sẹ̀ 2 kí wọ́n tó ṣe é kí èsì má bàa tàn wá jẹ. Bàbá ò kọ́kọ́ gbà, wọ́n ní ààwẹ̀ àti ìrònú ló ń fa ọ́sà, kí ni kòkòrò ń wá nínú ásíìdì. Ni mo bá sọ fún wọn nípa Barry Marshall, dọ́kítà ará Ọsirélíà tí òun àti Robin Warren rí kòkòrò yẹn, tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ò gbà á gbọ́, tó wá fúnra ẹ̀ gbé kòkòrò náà mu ní 1984, inú ẹ̀ sì dàrú, wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Bàbá dákẹ́. Wọ́n ní, "Ó gbé e mu?" Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní ọjọ́ wo là ń lọ.

Ọ̀kan kù tó jẹ́ pé ìwọ nìkan lo lè ṣe é. Nínú oṣù kẹjọ, Bàbá ya ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò sọ fún ẹnì kankan, Màámi ló rí i. Ẹ̀jẹ̀ inú ikùn nìyẹn, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sùn lé. Nígbà tí mo bi wọ́n wọ́n ní kí làwọn fẹ́ máa sọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ́ fún ọmọbìnrin àwọn sí. Ìwọ lọkùnrin. Tó o bá ń pè wọ́n, jọ̀ọ́, bi wọ́n láìfọ̀rọ̀ yípo: ṣé ìgbẹ́ dúdú, ṣé wọ́n bì, ṣé oúnjẹ ń há wọn lọ́fun, ṣé ṣòkòtò ti ń tóbi jù fún wọn. Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan péré, pè mí lójú ẹsẹ̀, mo lè ti Adó dé Ìkẹ́rẹ́ kíá, ọsibítù la ó gbà lọ.

Tó bá wá rọ̀ ọ́ lọ́rùn lọ́jọ́ tó o ò ṣiṣẹ́, lọ sí British Museum yẹn, béèrè ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ lọ́wọ́ wọn, tó bá wà lórí àtẹ dúró tì í kí wọ́n ya ìwọ àti ẹ̀ ní fọ́tò, kó o sì jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kó tóbi. Òun ni kó o tẹ́ sókè pátápátá nínú páálí, kí Bàbá kọ́kọ́ rí i. Àti pé aago mẹ́rin ni kó o máa pè wọ́n báyìí o, kì í ṣe alẹ́ mọ́, wọ́n á ti jókòó ti iyán wọn nígbà yẹn.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ, l'Adó-Èkìtì.