Ẹ̀kọ́ Bíbélì Ọjọ́bọ̀: Ejò Idẹ Tí Hesekáyà Fọ́

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ sì kú iṣẹ́ Olúwa.

Ìpàdé wa yóò wáyé ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago 6 ìrọ̀lẹ́, ní yàrá ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ sísin Ọlọ́run nìkan ṣoṣo la ó gbé yẹ̀ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ka Númérì 21:4-9 àti 2 Àwọn Ọba 18:1-8 kí ẹ tó dé.

Ẹ fara balẹ̀ ka ti Àwọn Ọba yẹn. Ẹni ọdún 25 ni Hesekáyà nígbà tó jọba ní Júdà. Ó wó àwọn ibi gíga tí àwọn èèyàn ti ń rúbọ, ó gé ère òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Áṣérà lulẹ̀, ó sì fọ́ ejò idẹ tí Mósè ṣe. Ọlọ́run ló mà ní kí Mósè ṣe é! Ẹni tí ejò bá bù jẹ ní aginjù, tó bá ti wò ó, yóò yè. Àmọ́ nígbà tó yá, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń sun tùràrí sí i. Ibi tó máa ń gún mi lọ́kàn nìyẹn. Ẹ má jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ nípa ère inú ilé ẹlòmíràn nìkan. Ẹ jẹ́ ká wo ìgò òróró àti aṣọ àdúrà tó wà lọ́wọ́ àwa náà.

Ẹ mú Bíbélì àti bírò dání. Ẹni tí kò bá ní lè wá, tàbí tó fẹ́ bá wa ka Bíbélì sókè, kó jọ̀ọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi kó tó di alẹ́ Ọjọ́rú.

Akọ̀wé ẹgbẹ́