Ẹ Bá Wa Tún Jẹ́tì Igbókòdá Ṣe, Ẹ Má Tì Í Pa: Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwa Ọlọ́kọ̀ Ojú Omi, Apẹja àti Ẹlẹ́ja

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, Igbókòdá, àti gbogbo àwọn káńsílọ̀ wa

Alága wa, ẹ̀yin àgbà ìlú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwa awakọ̀ ojú omi, apẹja, àwọn ìyá tó ń yan ẹja àti àwọn tó ń ta edé la para pọ̀ kọ ìwé yìí, gbogbo wa la sì ń jẹun lára jẹ́tì àtijọ́ tó wà létí omi Igbókòdá. Ohun tí a wá bẹ̀ yín fún kò pọ̀: ẹ tún jẹ́tì náà ṣe kó tó wó lé wa lórí, ẹ má tì í pa nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ, ẹ sì jẹ́ kí àtúnṣe náà gba ọkọ̀ kékeré bó ṣe máa gba ọkọ̀ ńlá.

Ẹni tó bá gba orí ilẹ̀ wá wo jẹ́tì yìí lè rò pé ó ṣì lágbára, torí òkè rẹ̀ ṣì ṣeé rìn. Láti inú ọkọ̀ la ti ń rí ìsàlẹ̀. Kọnkéré ti bó kúrò lára àwọn òpó níbi tí omi ń dé tó sì ń padà, irin inú rẹ̀ ti yọ síta, ó ti dípẹtà. Bí irin bá ń dípẹtà, ńṣe ló ń wú. Wíwú yẹn ló ń ti kọnkéré láti inú títí tó fi ń sán, bó bá sì ti sán, omi tún ti rí ọ̀nà wọlé nìyẹn. Ìdí nìyí tí símẹ́ǹtì tí wọ́n bá rẹ́ mọ́ ojú ibi tó sán kì í fi í pẹ́ kó tó tún já bọ́. Irin náà gan-an ni kí wọ́n tọ́jú. Etí tó ti wó, àwa fúnra wa la fi pákó tẹ́ ẹ. Ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọkọ̀ Ayétòrò ń gúnlẹ̀ sí, irin kan yọ ṣóńṣó síta, àkísà pupa la so mọ́ ọn kí àwọn ọmọ iléèwé lè máa yà fún un.

Nígbà ẹ̀rùn tí omi bá fà, etí jẹ́tì á ga ju ọkọ̀ lọ gan-an, ó máa ń tó àgbàlagbà láyà. Ẹ wá wo ìyá tó gbé agbọ̀n ẹja yíyan bọ̀ láti Awóyè. Á dìde nínú ọkọ̀ tó ń mì, á gbé agbọ̀n lé etí kọnkéré, á di irin mú, á wá fi orúnkún gun òkè. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ńlá bá sáré kọjá lásìkò yẹn, ìgbì rẹ̀ á fa ọkọ̀ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Aboyún tí wọ́n ń gbé bọ̀ sí ilé ìwòsàn, ọwọ́ lọ́wọ́ la fi ń gbé e gòkè: ọkùnrin méjì nínú ọkọ̀, méjì lókè, àwọn obìnrin á máa ké pe Ọlọ́run. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rọbí sórí àlàfo bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn wá púpọ̀.

Alága wa, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ń bà wá lẹ́rù. Ní Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, òkun ń gbé ilé lọ títí dòní, bẹ́ẹ̀ láti 2004 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ ìdènà òkun jáde fún ìlú náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí omi lé kúrò nílé níbẹ̀ ló ń na ọjà Igbókòdá báyìí, wọn ò ní ọ̀nà mìíràn. Bí wọ́n bá wá fi páànù yí jẹ́tì wa ká, tí agbaṣẹ́ṣe gba owó àkọ́kọ́ tó sì bá tirẹ̀ lọ, níbo la ó gúnlẹ̀ sí? Inú ẹrẹ̀ ni. Ẹja tútù tó bá pẹ́ nínú oòrùn kí wọ́n tó gbé e gòkè, yìnyín rẹ̀ á yọ́, iye tí oníbàárà bá sì pè ní ìrọ̀lẹ́ ni a ó gbà.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín kí wọ́n pín iṣẹ́ náà sí méjì. Kí wọ́n tún apá kan ṣe, kí ọkọ̀ máa lo apá kejì, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan èkejì àfi bí àkọ́kọ́ bá parí tí a sì ti ń gúnlẹ̀ sí i. Kí wọ́n ṣe àtẹ̀gùn tó sọ̀ kalẹ̀ wọ inú omi, tí ìpele rẹ̀ yóò fẹ̀ tó ẹni tó ru ẹrù. Bí agbára bá wà, pèpéle tó ń léfòó ló dára jù fún wa, torí bí omi bá kún, á bá omi gòkè, bí omi bá fà, á bá a sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ obìnrin kò ní í sí lójú òfuurufú mọ́. Ẹ fi iná sí i pẹ̀lú, torí ìdájí la máa ń dé.

A mọ̀ pé ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe ti ìjọba ìbílẹ̀. A gbọ́ ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní oṣù kìíní ọdún 2024, pé àjọ ìjọba àpapọ̀ ló ni àṣẹ lórí ọ̀nà omi inú ilẹ̀, a ò sì bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kó ọjà àti ibùdókọ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Jẹ́tì yìí ni gáréèjì wa. Orí rẹ̀ náà la ti ń tajà. Bí ìwé àṣẹ bá gbọ́dọ̀ ti Àbújá wá, ẹ̀yin lẹ ní ẹnu tí ẹ lè fi béèrè rẹ̀. Bí àwa bá kọ̀wé lọ síbẹ̀, ta ni yóò kà á? Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 kan náà, ilé ẹjọ́ yẹn pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa wá sọ́dọ̀ yín tààrà. Inú wa dùn lọ́jọ́ náà, torí a rò ó pé irú iṣẹ́ báyìí ni owó náà wà fún.

A ò ní káwọ́ gbera. Àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ ti gbà láti fi ọkọ̀ kó yanrìn àti òkúta láìgba owó. Ọlọ́kọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò dá owó sí àpò àtúnṣe, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí gbogbo wa létí. Ọkọ̀ ńlá yóò dín eré kù bó bá ti sún mọ́ jẹ́tì, ẹgbẹ́ yóò sì bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi awakọ̀ méjì àti ìyá ẹlẹ́ja méjì sínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó iṣẹ́ náà, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣí i nìkan.

Kí ẹ tó ya àwòrán kankan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ẹnjiníà yín sí wa lọ́jọ́ ọjà kan nígbà ẹ̀rùn, kó dé kí ilẹ̀ tó mọ́. A ó fi ọkọ̀ gbé e wọ abẹ́ jẹ́tì kó fọwọ́ kan àwọn òpó náà. Kó sì jókòó ti ibi tí wọ́n ti ń gbé ẹrù gòkè títí ọkọ̀ Awóyè yóò fi dé.

A ń retí èsì yín.

Àwa ọmọ yín,
Awakọ̀ ojú omi, apẹja àti ẹlẹ́ja tó ń lo jẹ́tì Igbókòdá