Oúnjẹ alẹ́ ní Keens

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara wa le níbí, a dúpẹ́. Òtútù nìkan ló ń bá wa fínra.

Ilé oúnjẹ kan ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ, torí mo mọ bí o ṣe fẹ́ràn ẹran tó. Keens lorúkọ rẹ̀, ní Manhattan, nílùú New York. Láti 1885 ni wọ́n ti ń yan ẹran níbẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ la yà síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn wa, síbẹ̀ wọ́n fọ̀yàyà gbà wá.

Àdùkẹ́, ìkòkò tábà ló bo gbogbo àjà ilé náà! Wọ́n lé ní 50,000. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ wọ́n, ọrùn wọn gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Torí pé wọ́n tètè ń ṣẹ́ ni àwọn oníbàárà ayé àtijọ́ ṣe ń fi tiwọn síbẹ̀. Tí wọ́n bá ti jẹun tán, ọmọdé kan á lọ mú un wá fún kálukú. Ti Theodore Roosevelt, tó ti jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà rí, wà níbẹ̀, ti Albert Einstein, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, náà wà níbẹ̀. Àmọ́ àwọn tí a ò mọ̀ ló gbà mí lọ́kàn jù. Wọ́n ti kú tipẹ́, ilé tí wọ́n ti ń jẹun sì ń bá wọn tọ́jú ẹrù wọn títí di òní. Irú ìtọ́jú oníbàárà bẹ́ẹ̀ wù mí gan-an.

Ìgbà kan wà tí wọn kì í gba obìnrin láyè níbẹ̀. Lillie Langtry, òṣèré tíátà, ló pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 1905, ó sì jàre. Mo kí i kú iṣẹ́ nínú ọkàn mi bí mo ṣe jókòó.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí wọ́n gbé steak wá. Ẹran màlúù yẹn á ti wà ní yàrá tútù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó yan án. Ara òde rẹ̀ á gbẹ, wọ́n á gé ìyẹn dànù, èyí tó kù á wá rọ̀, adùn rẹ̀ á sì jinlẹ̀. Pupa ni wọ́n ń fi àárín rẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ìwọ ò ní gbà. Tóo bá ní kí wọ́n yan án jinná, wọ́n á yan án jinná. Àgùntàn lèmi jẹ ní tèmi, mutton chop tí ilé náà fi lókìkí: ó nípọn, ọ̀rá yí i ká, iná sì ti mú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa. N kò tọ́ ata wò níbẹ̀ rárá, síbẹ̀ mo jẹ ẹ́ kan eegun. Òórùn rẹ̀ gbé mi dé Iléyá nílé yín.

Owó rẹ̀ wọ́n o, àmọ́ àwo kan tó èèyàn méjì jẹ. Tí físà rẹ bá ti jáde, jẹ́ kí n tètè gbọ́ kí n lè bá wa gba àyè sílẹ̀. Bá mi kí Bàbá àti gbogbo ará ilé.

Èmi ni tìrẹ,
Bísí