Àkànní, kẹ̀kẹ́ Faransé kì í tú bíi ti Bàbá

Saint-Étienne, ilẹ̀ Faransé
Ọjọ́ 9, oṣù Kọkànlá

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ o. Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń fúyẹ́? Bá mi dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Sọ fún wọn pé gàrí Ìjẹ̀bú tí wọ́n fi rán sí mi kò tíì tán, ṣíṣọ́ ni mò ń ṣọ́ ọ jẹ.

O bi mí nínú lẹ́tà rẹ pé kí ni mò ń fi ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ mẹ́fà ṣe nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé, o ní bí n kò bá tilẹ̀ ní tà wọ́n, kí n ra ọ̀dà tuntun kùn wọ́n kí wọ́n máa dán. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lọ́kàn mi. Ìwọ ni mo sì gbọ́dọ̀ dá lóhùn dáadáa, nítorí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ ni mo ti kọ́kọ́ mú sípánà lọ́wọ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn ará àdúgbò kó àlòkù wọn jáde sí ẹ̀gbẹ́ títì láti tà, bí wọ́n ti máa ń ṣe níbí. Lẹ́yìn àwọn àwo àti àga ni mo ti rí Peugeot PX-10 kan tó fara ti ògiri. Funfun ni, wọ́n kun àwọn oríkèé irin rẹ̀ ní dúdú. Irú kẹ̀kẹ́ táwọn eléré ìje ń gùn nígbà náà nìyẹn, nígbà tí Bernard Thévenet ti ẹgbẹ́ Peugeot gba Tour de France, eré ìje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, ní 1975 àti 1977. Ìyá àgbà tó ń tà á ní ọkọ òun tó ti kú ló ni ín, pé ibi iṣẹ́ ló ń gùn ún lọ lójoojúmọ́. Ó pe 120 yúrò. Mi ò ná an.

Mo gbé e délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Gbogbo rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́ títí mo fi dé orí kọ́ọ̀pù irin tọwọ́ ọ̀tún, èyí tí àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké ń yí nínú rẹ̀ níbi tí ọ̀pá pẹ́dàlì gbà kọjá. Àkànní, ohùn Bàbá ni mo gbọ́ létí: "Tọwọ́ ọ̀tún, òdì ni o!" Ṣé o rántí? Gbogbo kẹ̀kẹ́ Raleigh ti Gẹ̀ẹ́sì tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Àdó, bí a bá fẹ́ tú kọ́ọ̀pù ọ̀tún, ibi tí ọwọ́ aago ń yí sí la máa ń yí i sí, ibi tí a máa ń yí gbogbo nọ́ọ̀tì yòókù sí bí a bá fẹ́ dè wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe é, kí pẹ́dàlì wíwà má baà máa tú u díẹ̀díẹ̀.

Mo yí i bí Bàbá ti kọ́ wa. Kò mira. Mo fi epo sí i, mo lọ sùn. Ní ọjọ́ kejì mo ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, mo gbé gbogbo ara mi lé e. Ó dún "kíìn", mo rò pé ó ti gbọ́. Mo tún gbé ara lé e. Sípánà yọ lórí rẹ̀, ó jẹ ojú kọ́ọ̀pù náà jẹ, àtẹ́lẹwọ́ mi sì ya. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń dè é mọ́ ibẹ̀ sí i.

Tírẹ́ẹ̀dì Faransé ni, ìyẹn ìlà tó yí ara irin po tí a fi ń dè é. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọ̀nà kan náà ni kọ́ọ̀pù ọ̀tún àti tòsì ń yí sí. Nítorí náà, tọ̀tún lè máa tú fúnra rẹ̀ bí a bá ti ń wa pẹ́dàlì, àfi kí wọ́n dè é pinpin, wọ́n sì ti dè é pinpin lóòótọ́! Mìlímítà 35 ni ìbú rẹ̀, láti ìlà kan sí èkejì sì jẹ́ mìlímítà 1. Ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ íǹṣì 1.37, ìyẹn bíi mìlímítà 34.8, pẹ̀lú ìlà 24 nínú íǹṣì kan. Bí o bá gbé méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́, ojú lásán ò lè yà wọ́n. Bí o bá wá fi ti Gẹ̀ẹ́sì sínú férémù Faransé, yóò wọlé fẹ́rẹ́ ní yíyí kan tàbí méjì bí ẹni pé ọmọ onílé ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa há, bí o bá sì fi agbára yí i, ó ti ba ẹnu férémù jẹ́ nìyẹn. Pẹ́dàlì wọn náà, mìlímítà 14 ni, kò bá tiwa mu. Ọ̀pá tó gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dúró jẹ́ 22, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 22.2.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi, ló gbà mí. Kò bá mi wí. Ó fi fáìsì orí tábìlì rẹ̀ di ìwọ̀nba ojú tó kù lára kọ́ọ̀pù náà mú, férémù wá dùbúlẹ̀ lókè rẹ̀. Ó ní kí n di férémù mú lápá méjèèjì bí ẹni di ọwọ́ ọkọ̀ mú, kí n máa rìn yí i po. Mo rin ìṣísẹ̀ kan. Ó dún "kà!", gbogbo rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Férémù fúnra rẹ̀ ló di sípánà. Gíríìsì inú rẹ̀ ti gan dúdú bí ọbẹ̀ tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi àkísà nù ún, ojú ọ̀nà tí àwọn bọ́ọ̀lù ń gbà ń dán, kò ní àmì kankan.

Ìlú tí mo wà yìí, ìlú oníṣẹ́ irin ni. Ìbọn ni wọ́n ń rọ tẹ́lẹ̀, wọ́n ń wa èédú, wọ́n wá kọ́ kẹ̀kẹ́ ní ṣíṣe: 1886 ni wọ́n sọ pé àwọn Gauthier, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ṣe èyí àkọ́kọ́ níbí. Ilé iṣẹ́ Manufrance náà máa ń ṣe èyí tí wọ́n pè ní Hirondelle nígbà náà, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bàbá yìí ní ọ̀kan nínú wọn tó ti wà ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, ó jẹ́ kí n gùn ún. Bí o bá wa pẹ́dàlì síwájú, ó ń lọ síwájú. Bí o bá dé orí òkè, wàá wa pẹ́dàlì sẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ á ṣì máa lọ síwájú, ṣùgbọ́n yóò fúyẹ́ lẹ́sẹ̀! Ara mi kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, mo gun òkè ilé wọn dé òpin láìsọ̀kalẹ̀, mi ò sì rò pé mo ti rí ọgbọ́n tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí lára kẹ̀kẹ́.

Ní ti ọ̀dà tí o wí: lára PX-10 yìí, ibì kan wà lórí irin òkè tí ọ̀dà ti ha, ó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin, irin ti hàn nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ ìyá yẹn máa ń wé ẹ̀wọ̀n kọ́kọ́rọ́ mọ́ lójoojúmọ́. Lábẹ́ ìjókòó, bébà Reynolds 531, orúkọ irin tí wọ́n fi ṣe férémù, ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, etí rẹ̀ kan ló ṣí. Bí mo bá bó ọ̀dà yẹn, mo ti bó ọkùnrin náà kúrò lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Mi ò lè ṣe é, Àkànní. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ni mo fi wẹ̀ ẹ́. Níbi tó dípáàrà lára irin dídán, mo rún fóìlì tí ìyàwó mi fi ń bo ẹran nínú ofúùnù, mo rì í sómi, mo fi ń ra á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí ó fi mọ́.

Wáyà bíréèkì àti táyà, tuntun ni mo fi sí i, ẹ̀mí ò láàrọ̀. Bíréèkì fúnra rẹ̀, Mafac ti Clermont-Ferrand, ó ṣì le koko. Simplex, ohun tó ń gbé ṣéènì láti gía kan sí èkejì, ní apá tí wọ́n fi ike ṣe, ó sì ti sán, nítorí náà mo wá onírin fi rọ́pò rẹ̀. Tí òtútù bá lọ, mo fẹ́ gùn ún lọ sórí òkè Col de la République, tó ga ní mítà 1,161, níbi ìrántí Vélocio, ọkùnrin ìlú yìí tó ń jà fún gía lára kẹ̀kẹ́ nígbà tí àwọn olùdarí eré ìje ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ọdún 1937 ni Tour de France tó gba ohun tó ń gbé ṣéènì láti gía kan sí èkejì láàyè, Vélocio sì ti kú láti 1930.

Wàyí o, mo ní ẹ̀bẹ̀. Kọ́ọ̀pù tí mo bà jẹ́ yẹn kò ṣeé lò pẹ́. Ìwọ lo sọ fún mi pé o rí ògbólógbòó Peugeot lọ́dọ̀ alátùn-ún-ṣe kan ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Nígbà tí o bá tún lọ nájà níbẹ̀, bá mi bi í bóyá ó ní kọ́ọ̀pù ọ̀tún nínú àpótí rẹ̀. Kí o wọn ìbú rẹ̀: 35 ni kó pé. Bó bá ṣì wà lára férémù, ẹ má yí i bíi ti Bàbá o, ibi tí a máa ń yí nọ́ọ̀tì sí láti tú u ni kí ẹ yí i sí. Iye tó bá pè, san án, màá fi ránṣẹ́.

Àpótí sípánà Bàbá ńkọ́? Bó bá ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá, jọ̀ọ́, fi epo pa wọ́n kí wọ́n má dógùn-ún.

Èmi ni tìrẹ,
Àlàó