Lẹ́tà sí Àjàní, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ orí òpó iná

Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwara,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kìíní.

Àjàní ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ìyá rẹ ló sọ fún mi pé ilé-iṣẹ́ iná ti gbà ọ́ ní Ìlọrin, àti pé orí òpó ni wọ́n fi ọ́ sí, kì í ṣe ọ́fíìsì. Inú mi dùn, àmọ́ n kò rí oorun sùn lóru àná. Òní ni ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun. Mo ti wo bí wọ́n ṣe tú àwọn ẹyẹlé sílẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, mo sì jókòó láti kọ ohun tí n kò sọ fún ọ rí.

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo wọṣẹ́ ológun ní 1967, ọdún tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, tó tún jẹ́ ọdún tí wọ́n dá Kwara wa yìí sílẹ̀. Ẹ̀ka tó ń fa wáyà tẹlifóònù láti ibùdó àwọn ọ̀gá lọ sí ojú ìjà ni mo wà. Wọ́n kọ́ wa pé ẹ̀rù kì í ba ológun, àti pé bó bá tilẹ̀ ń bà á, kò gbọ́dọ̀ hàn lójú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn kò ṣòro fún mi láti gbà, torí ọmọ Ọ̀fà ni mí, ìjàkadì sì lorò wa. Nígbà tí ogun parí ní oṣù kìíní 1970, ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì ni mo gbé wálé, èyí tí kò ṣeé ṣe fún ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi. Ìyókù ohun tí mo rí lójú ogun kì í ṣe ohun tí bàbá ń kọ sínú lẹ́tà.

Ní 1972, ọdún tí wọ́n da ECN, ilé-iṣẹ́ iná ìgbà náà, pọ̀ mọ́ àjọ tó ń mójú tó ìsédò Kainji, tí wọ́n sì sọ wọ́n di NEPA, wọ́n gbà mí síṣẹ́ nítorí pé mo ti mọ òpó gùn. Ẹ̀kọ́ ológun yẹn náà ni mo gbé gorí òpó. Ọ̀gá mi a máa yìn mí pé sójà kì í bẹ̀rù iná. Oríkì ni mo pè é, àṣé ọ̀fìn ni.

Nígbà òjò àkọ́rọ̀ ọdún 1983, ìjì wó ẹ̀ka igi lu ìlà 11,000 volt lójú ọ̀nà Àjàsẹ́-Ìpo, èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi la sì lọ tún un ṣe. Wọ́n ti pa fídà, ìyẹn ìlà tó ń gbé iná wá sí àdúgbò náà. Ọmọ náà ní kí a kọ́kọ́ dán ìlà náà wò, kí a sì fi wáyà so ó mọ́ ilẹ̀, ẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀yin náà ń ṣe, kí a tó fọwọ́ kàn án. Ilẹ̀ ti ń ṣú, àwọn ará àdúgbò sì ń pariwo nísàlẹ̀ pé àwọn fẹ́ iná. Mo bi í pé ṣé ẹ̀rù ń bà á ni. Ojú tì í, ó sì na ọwọ́.

Kì í ṣe fídà ló gbé e. Ilé kan nítòsí ti tan jẹnẹrétọ̀ láìní ṣéńjófà tó ń ya jẹnẹrétọ̀ kúrò lára ìlà, iná rẹ̀ sì gba inú tiransifọ́mà padà sẹ́yìn. Tiransifọ́mà tó ń sọ 11,000 di 415 kí iná tó wọlé wa, òun náà ló ń sọ 415 di 11,000 bí iná bá gba ẹ̀yìn wọ̀ ọ́. Bẹ́líìtì ni kò jẹ́ kí ọmọ náà já bọ́. Kò kú, ṣùgbọ́n wọ́n gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, kò sì gun òpó mọ́ láyé. Ìwé tí wọ́n kọ lórí ọ̀rọ̀ náà dá ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ lẹ́bi, òótọ́ sì ni. Ìbéèrè tí mo bi ọmọ náà kò sí nínú ìwé yẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá rẹ kò bi mí ní nǹkan kan. Ó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ àgbà, tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin, lé mi lẹ́sẹ̀, ó sì lọ gbé omi kaná. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ ọmọ náà, mo sì jẹ́ kó máa gbọ̀n títí tó fi sùn.

Àjàní, ìbẹ̀rù ejò ni kì í jẹ́ kí á tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé ìlà ti kú, dá wọn lóhùn pé ẹ ṣé, kí o sì dán an wò fúnra rẹ. Nísinsìnyí tí jẹnẹrétọ̀ àti ìnfátà wà ní ojúlé ojúlé, ọ̀nà tí iná lè gbà yọ sí ọ láti ẹ̀yìn ti pọ̀ ju ti ayé tèmi lọ. Má ṣe dá ariwo ìsàlẹ̀ lóhùn. Fún odidi ọdún 35 tí mo fi ṣiṣẹ́, àwọn ọmọdé tó ń kígbe “Up NEPA!” nìkan ló dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì tó mi. Bí ọmọ iṣẹ́ rẹ bá sọ pé ẹ̀rù ń ba òun, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Jọ̀wọ́, máa sọ ibi tí o ń lọ fún ìyàwó rẹ kí o tó jáde. Lẹ́yìn ogun, n kì í sọ nǹkan kan fún ìyá rẹ, ariwo ni mo ń pa mọ́ ọn nítorí iyọ̀ ọbẹ̀, títí tí òun náà fi mọ̀ pé kì í ṣe iyọ̀ ni mò ń bá jà.

Ìbọ̀wọ́ rọ́bà mi wà nínú àpò tí mo fi rán awakọ̀ sí ọ. Ṣé o rántí pé ìwọ lo máa ń fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ láràárọ̀, tí o ó ká ẹnu rẹ̀, tí o ó sì gbé e sétí? Ó ti gbó, má ṣe fi ṣiṣẹ́ rárá. Fẹ́ ẹ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o lè mọ bí èyí tó ti lu ṣe ń dún.

Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí o wá ní Sátidé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.