Ẹ ṣí àpótí ìwé ẹbí yín kí òjò tó dé

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ àpótí ìwé ẹbí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi tó gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ létí.

Èmi ni akọ̀wé ẹbí wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lóṣù tó kọjá, a ń wá ìwé àdéhùn tí bàbá wa àgbà fi ra ilẹ̀ oko kan, la bá ṣí àpótí páànù tó ti wà ní títì láti ìgbà tí a ti sìnkú bàbá mi. Ìwé náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n ti fi ọ̀rá wé e nígbà mẹ́ta, wọ́n sì da káfúrà lé e lórí. Ṣùgbọ́n ó ti bu bíi búrẹ́dì tó pẹ́ nílé. Bí mo ṣe fẹ́ ya ojú ewé kan kúrò lára èkejì, ó ń fà bí òwú. Níbi tí ẹni tó ta ilẹ̀ ti tẹ̀ka, ihò ló kù.

Ìfẹ́ ni wọ́n fi dì í, dídì yẹn náà ló pa á. Olú ló jẹ ẹ́, ẹbí olú tó ń hù lára igi jíjẹrà, irúgbìn rẹ̀ sì kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ. Inú afẹ́fẹ́ ló wà níbi gbogbo, kò sí kọ́kọ́rọ́ tó lè tì í síta. Ọ̀rinrin ló ń dúró dè. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 65 nínú 100, ó lè hù, bẹ́ẹ̀ lásìkò òjò, tiwa máa ń ju ìyẹn lọ. Bí omi bá kan ìwé, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ti tó o. Oje tó ń yọ́ ìwé ló máa ń tú sí i, á wá mu ohun tó yọ́. Àbàwọ́n tó bá fi sílẹ̀ kì í sábà lọ mọ́.

Gààrí tí kò tíì gbẹ, ta ni yóò dì í lọ́ràá ní Ìjẹ̀bú? Kí ló dé tí a ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìwé? Káfúrà tí a gbójú lé, kòkòrò ló ń lé; kì í gbẹ omi.

Ìwé ìjọba Ijebu Province àtijọ́ ṣì wà ní National Archives, Ìbàdàn. Ìwé ẹbí, ìwé ìrìbọmi, ìwé ìpàdé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu, ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà láyé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Rẹ́mọ, mo rí ìwé ìrìbọmi tí wọ́n tò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri tí òjò ń jò sí. Mo bẹ̀ wọ́n títí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ọ̀rá kúrò. Ẹ gbé ìwé kúrò nílẹ̀ àti lára ògiri, sí ibi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Ẹ má sá a sóòrùn, yíǹkì á ṣá. Ẹ má fi omi tàbí kẹrosíìnì nù ún. Èyí tó bá ti bu, ẹ bo imú kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, nítorí ó lè da èémí èèyàn láàmú. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò gbogbo ojú ewé. Kí ìjọba ìbílẹ̀ náà fún wa ní yàrá gbígbẹ kan, tí ẹbí lè kó ìwé sí.

Nínú ìwé tiwa, ojú ewé méjì ló ṣì ṣeé kà. Mo ti ya fọ́tò wọn, mo sì ti pín in fún gbogbo ọmọ ilé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé ẹbí kan,
Ìjẹ̀bú-Òde